Ọmọ mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà pọ́ńkì fún ilé ìwé, olùkọ́ ní ó ti mọ́ jù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Manchester:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rín in tán kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ń múra ìdánwò GCSE, iṣẹ́ ọnà sì wà lára ohun tó mú. Èyí tó yàn ni àwòrán àti ìmúra àwọn pọ́ńkì, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé 1976 sí 1980 tí wọ́n ń fi pínnì so aṣọ tó ya. Ó fẹ́ ṣe pósítà kan, ìwé ìròyìn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní zine, àti jákẹ́ẹ̀tì kan.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Pósítà tó ṣe dáa lójú mi. Lẹ́tà ń jó lórí rẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, bí ìwé tí àwọn ajínigbé fi ń béèrè owó. Ó gbé e dé ilé ìwé, olùkọ́ kọ ọ́ sí etí pépà pé ó ti mọ́ jù. Ọmọ sunkún wálé. Ṣé kí iṣẹ́ ọmọ lè dọ̀tí la ṣe ń rán an nílé ìwé ni?

Èyí tó tún wá dun èmi ni jákẹ́ẹ̀tì. Èyí tí mo rà fún un ní oṣù Kejìlá, ó ní òun fẹ́ fà á ya. Ẹni tó bá mọ̀ nípa nǹkan yìí, kó là mí lóye.

Ayàwòrán Leeds:

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Títo lẹ́tà àti àwòrán ni mo fi ń jẹun. Olùkọ́ yẹn ò purọ́. Ẹ ní kí ọmọ wo lẹ́tà E inú pósítà rẹ̀. Bó bá jẹ́ E mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọra bí ìbejì, ibi kan náà ni etí wọn á ti ṣán. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi sísọ́ọ̀sì gé lẹ́tà, E rẹ̀ kan á ti inú ìròyìn bọ́ọ̀lù wá, èkejì á ti inú ìpolówó ọṣẹ wá, wọn ò lè jọra láéláé. Ohun tí olùkọ́ ń wá nìyẹn.

Ẹni tí gbogbo ayé ń wò ṣe nídìí iṣẹ́ yìí ni Jamie Reid, tó kú ní 2023. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Sex Pistols, ẹgbẹ́ olórin pọ́ńkì tó ṣe àwòrán fún, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tẹ ìwé ìròyìn kan, Suburban Press, ní Croydon láti 1970. Kò sówó tí wọn á fi gba ẹni tí yóò máa to lẹ́tà, ni wọ́n bá ń gé lẹ́tà inú ìwé ìròyìn tó ti wà nílẹ̀. Àìlówó ló kọ́kọ́ fà á, kó tó di àrà.

Nígbà tó di 1977 tí Ọbabìnrin Elizabeth ń ṣe ayẹyẹ ọdún 25 lórí oyè, Reid mú fọ́tò Ọbabìnrin tí Peter Grugeon yà, ó fa ọ̀já kan ya níbi ojú, ó fa òmíràn ya níbi ẹnu, ó wá to lẹ́tà gígé sójú ihò méjèèjì. Orúkọ orin wà lójú, orúkọ ẹgbẹ́ olórin wà lẹ́nu. Ẹ fojú inú wò ó: ọba tí kò ríran, tí kò sì lè sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kò sí èébú kan nínú àwòrán náà fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn bá dán irú èyí wò pẹ̀lú fọ́tò kábíyèsí nílé, kó ti wá mọ́tò sílẹ̀.

Ìyá Àdúrà:

Ẹ má fi ọmọ yín ṣeré o. Aṣọ yíya kì í ṣe aṣọ ọmọ Ọlọ́run. Ẹ ní kó ya òdòdó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìgbà Náà, Peckham:

Ìyá Àdúrà, ẹ rọra. Mo wà níbẹ̀.

Mo dé London ní 1975, ìṣirò owó ni mo wá kọ́, alẹ́ ni mo ń fọ ọ́fíìsì ní Victoria. Sátidé kan ní 1977, èmi àti ọ̀rẹ́ mi rin King's Road lọ títí a fi dé apá World's End. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ Malcolm McLaren, tó ń darí Sex Pistols, àti Vivienne Westwood wà, nọ́ńbà 430. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn kì í pẹ́ yí padà: Let It Rock ni ní 1971, ó di SEX ní 1974, nígbà tí àwa fi dé ibẹ̀ ó ti di Seditionaries. A ò wọlé. Iye tí wọ́n ń ta ọjà wọn ò ṣeé sọ létí akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ tó dúró síta là ń wò. Ọ̀kan fi pínnì gún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣòkòtò ọ̀kan ní okùn tó so orúnkún méjèèjì pọ̀, ó ń rìn bí ewúrẹ́ tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wò wọ́n títí, ó ní, "Eégún ilé ta nìyí?"

Ẹ sọ fún ọmọ pé irun tó dúró bí ogbe àkùkọ láàárín orí, kì í ṣe ti 1977. Èmi ò rí i nígbà náà. Bí a ṣe wọ 1980 ló gbòde, kò sì pẹ́ tó fi di àwòrán orí káàdì tí wọ́n ń tà fún àwọn àlejò London. Irun àwọn tàkọ́kọ́ kúrú ni, ó rí jákujàku bí irun tí ọmọ ọdún mẹ́ta bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ti orí tí wọ́n fá lápá kan dá apá kan sí ni, àwọn ìlàrí Aláàfin ti ṣe ìyẹn tipẹ́, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ọmọ ìta.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dà kọ: àmì Hitler. Àwọn kan nínú wọn gbé e wọ̀, Sid Vicious olórin wà níbẹ̀, Siouxsie olórin náà wà níbẹ̀, wọ́n ní káwọn àgbà lè bínú làwọn ṣe ń ṣe é. Àwa tí àwọn National Front, ẹgbẹ́ òṣèlú tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, ń lé láàárín títì nígbà yẹn, àwàdà náà ò pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1978, Rock Against Racism, àwọn tó ń fi orin gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà, kó èrò láti Trafalgar Square dé Victoria Park. The Clash kọrin, Steel Pulse kọrin, X-Ray Spex kọrin. Mo fẹsẹ̀ rìn ín. Èmi tí mo gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ aláṣọ yíya ò kàn mí, àárín wọn ni mo rìn dé ibẹ̀. Báàjì oníràwọ̀ tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ náà wà nínú agolo mílíìkì mi títí di òní.

Ọmọ Bẹ́rmọ́ńdísì:

Bàbá, ẹ ṣeun, mi ò mọ ìyẹn rí. Àǹtí, ẹ ní kí Tèmítọ́pẹ́ wo Poly Styrene dáadáa, òun ló ń kọrin nínú X-Ray Spex tí bàbá dárúkọ. Sòmálíà ni bàbá rẹ̀ ti wá, ìyá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun. Àwọn yòókù ń wọ dúdú, òun ń wọ àwọ̀ tó ń dán bí ike, ó gbé wáyà eyín sẹ́nu lọ sórí ìtàgé, kò sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Orúkọ ike, polystyrene, ló fún ara rẹ̀. Ẹ ní kó wo Don Letts náà, ọmọ àwọn ará Jàmáíkà. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ Acme Attractions ní King's Road ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń fi àwo régè sí i ní ilé ijó Roxy, kámẹ́rà Super 8 kékeré ló sì fi ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀. Fíìmù rẹ̀ jáde ní 1978.

Kó má sì gbàgbé àwòrán inú zine Sniffin' Glue yẹn, èyí tó fi bí a ṣe ń tẹ okùn gìtá fún kọ́ọ̀dù mẹ́ta hàn tó ní kí ènìyàn lọ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀.

Ayàwòrán Leeds:

Àbúrò, gbogbo ènìyàn ló ń ṣi ìyẹn sọ. Inú ìwé ìròyìn mìíràn ló ti jáde, Sideburns, ní oṣù Kìíní 1977. Kó má kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ lè mọ̀. Sniffin' Glue ni ti Mark Perry, akọ̀wé báńkì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Keje 1976. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olówó pọ́ọ́kú àti bírò alámì ńlá ló fi kọ ọ́, ibi tó bá ti ṣìṣe, ó fa igi lé e, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Nǹkan bí 50 ẹ̀dà ni ti àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa kógbá sílé ní 1977, ó ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Bàbá Ìtẹ̀wé Ṣómólù:

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣómólù ni mo wà, ọdún 31 rèé nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi, torí ohun tí èmi àti oníbàárà fi ń jà lójoojúmọ́, pé fọ́tókọ́pì dúdú jù, òun gan-an làwọn ọmọ wọ̀nyí ń wá kiri.

Kó wá fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ bà láti ẹ̀gbẹ́ kan. Kó ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, kó yí ẹ̀rọ sí dúdú. Kó gbé fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀dà tó jáde ni kó tún fi ṣe ẹ̀dà mìíràn, kó tún fi ìyẹn ṣe òmíràn. Tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, gbogbo àwọ̀ eérú tó wà láàárín dúdú àti funfun á ti sá lọ. Imú á di ilà kan, ojú á di ihò méjì. Bó bá rọra fa pépà nígbà tí iná ẹ̀rọ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, ojú náà á yọ́ bí àbẹ́là. Kó ṣe mẹ́wàá, kó mú ọ̀kan.

Etí pépà tó lẹ̀ mọ́ra á máa yọ ilà dúdú tín-ín-rín. Àwa máa ń fi ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìṣe rẹ́ bò ó kí oníbàárà má bàa bínú. Kó fi tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìwé ìròyìn: pépà A4 kan tí a ká sí méjì, ojú ewé mẹ́rin ni. Pépà mẹ́rin, ojú ewé 16. Bó bá ní 14 lòun fẹ́, ẹ ní kó lọ wá méjì kún un. Ibi tí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ń ṣubú ni pé wọ́n rò pé 1 àti 2 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Rárá o. 16 àti 1 ló wà lójú kan, 2 àti 15 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó kọ́kọ́ fi pépà òfìfo mẹ́rin ká ìwé, kó fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà kó tú u ká kó wò ó. Á yé e lójú ẹsẹ̀. Kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ yí ká, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í tẹ̀ dé etí.

Sítépúlà ilé ò ní gùn dé àárín. Kó ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, kó gbé ìwé lé páálí, kó gún un láti ẹ̀yìn ìwé, kó ṣí i kúrò lára páálí, kó wá fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ẹsẹ̀ wáyà náà palẹ̀. Bí ó bá ń fẹ́ àwọ̀, inki dúdú lórí pépà píńkì: owó àwọ̀ kan ni ẹ máa san, àwọ̀ méjì ni ojú máa rí.

Aránṣọ Rye Lane:

Ẹ̀yin oníwèé ti sọ tiyín, ẹ jẹ́ kí aránṣọ sọ̀rọ̀.

Màmá Tèmítọ́pẹ́, ẹ lọ tọ́jú jákẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá. Ẹ mú ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ àlòkù, èyí táwọn aláàánú ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó ra èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ mọ́. Ẹni tó fa aṣọ tuntun ya, owó ló fi ń yangàn. Irú rẹ̀ ti wà rí o: ní 1977 gan-an, Zandra Rhodes gbé aṣọ oníhò jáde pẹ̀lú pínnì dáradára fún àwọn olówó. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo yíya ló ń jẹ́ yíya. Bó bá fi sísọ́ọ̀sì gé e, ojú ibẹ̀ á gún, á dà bíi pé télọ̀ gbàgbé láti rán an. Kó fi abẹ lá a níwọ̀n ìka kan, kó wá fi ọwọ́ fà á, kí òwú yọ gànnàkù gannaku. Kó jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ló máa tó dà bí ohun tó ya fúnra rẹ̀.

Pínnì: èyí tí wọ́n ń fi so ìlédìí ọmọ láyé àtijọ́ ni, kì í ṣe pínnì olórí roboto tí èmi fi ń wọn aṣọ, ìyẹn á gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó lò ó níbi tí nǹkan ti ya lóòótọ́, kí pínnì máa ṣiṣẹ́. Mo rí ọmọ kan tó to pínnì sí gbogbo ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì, kò lè fara ti ìjókòó bọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ ara aṣọ ńkọ́? The Clash ń fọ́n ọ̀dà sára aṣọ wọn, wọ́n sì ń fi páálí tí wọ́n gé lẹ́tà sí lára tẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Kó gé lẹ́tà sára páálí oúnjẹ àárọ̀ bíi kọnfíléèkì, kó fi kànrìnkàn gbígbẹ lu ọ̀dà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì olómi kùn ún, ọ̀dà á sá lọ sábẹ́ páálí, lẹ́tà á wú. Tó bá gbẹ, kó tẹ áyọ́ọ̀nù lé e láti inú.

Bó bá fẹ́ fi blíìṣì, èyí tí à ń pè ní jíìkì nílé, yọ àwọ̀, aṣọ òwú nìkan ni kó fi sí, á jẹ irun àgùntàn àti sílíìkì run, pọliẹ́sítà ò sì ní dáhùn. Ìta ni kó ti ṣe é, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó má da á pọ̀ mọ́ ọṣẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí fínígà rárá. Atẹ́gùn tó ń ti inú àpòpọ̀ yẹn jáde ń pa ènìyàn. Ẹ dúró tì í.

Ọmọ Bẹ́rmọ́ńdísì:

Ṣé New York kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ ni? Mo gbọ́ pé Richard Hell, olórin ibẹ̀, ló kọ́kọ́ wọ aṣọ yíya.

Ayàwòrán Leeds:

Òótọ́ ni. McLaren rí Richard Hell níbẹ̀ pẹ̀lú irun ṣágaṣàga àti ṣẹ́ẹ̀tì yíya, ó sì gbé ojú tó rí wálé. Kódà ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Punk, tí John Holmstrom ń fi ọwọ́ kọ lẹ́tà rẹ̀, ti jáde ní New York ní oṣù Kìíní 1976, ṣáájú ti Mark Perry. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má kó gbogbo ayé sínú iṣẹ́ GCSE.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Manchester:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un lálẹ́ àná, ó ní kí n máa túmọ̀ rẹ̀, mo ní kó lọ kọ́ èdè bàbá rẹ̀. Ó ti gbà láti pa kọ̀ǹpútà tì. Ìbéèrè tó kù ni pé kí ni kó kọ? Ó fẹ́ kọ "Anarchy" gàdàgbà. Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó wo òkè.

Ayàwòrán Leeds:

Ẹ bi í léèrè ohun tó ń bí i nínú.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Manchester:

Mo bi í. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìwé tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní irun dídì rẹ̀ ò bá òfin mu, wọ́n mú un jókòó sí yàrá kan láti àárọ̀ títí di ìgbà tí mo fi wá mú un. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà náà. N kò mọ̀ pé ó ṣì wà nínú rẹ̀.

Ayàwòrán Leeds:

Iṣẹ́ ti délẹ̀ nìyẹn, mà. Kó wá wo Linder Sterling, Manchester yín níbẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ọnà. Òun ló gé àwòrán tó wà lára àwo kékeré ẹgbẹ́ olórin Buzzcocks tó jáde ní oṣù Kọkànlá 1977: ara obìnrin láti inú ìwé kan, áyọ́ọ̀nù láti inú ìwé ìpolówó, ó gbé áyọ́ọ̀nù síbi tó yẹ kí orí wà. Malcolm Garrett ló to ìwé àwo náà, búlúù lórí yẹ́lò. Àwòrán méjì yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ohun tí ìwé ìròyìn obìnrin ń sọ fún obìnrin nígbà náà sì ti wà níbẹ̀. Ó mọ ibi tí yóò gé, ó sì mọ ibi tí yóò dúró. Hannah Höch ti ń fi sísọ́ọ̀sì jà báyìí ní Berlin láti nǹkan bí 1919, kó fi ìyẹn sínú ìwé ìwádìí rẹ̀, olùkọ́ á fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ tún ní kó wo Gee Vaucher, tó ya àwòrán fún ẹgbẹ́ olórin Crass. Èmi fúnra mi rò fún ọ̀pọ̀ ọdún pé fọ́tò gígé ni. Ọ̀dà ni! Ọwọ́ ló fi kun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, eérú lé eérú, títí ojú fi gbà pé ìwé ìròyìn ni wọ́n ti gé e. Èmi tí mo ń sọ pé kó dọ̀tí, ó yẹ kí n fi ìyẹn kún un: ìdọ̀tí iṣẹ́ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ gba sùúrù ju mímọ́ lọ.

Ìyá Àdúrà:

Ọ̀rọ̀ irun yẹn dùn mí o. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà. Ẹ jẹ́ kó ṣe é. Kó ṣáà má gún ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Manchester:

Ẹ wá wo ohun tí ojú mi rí. Ó ti parí. Ojú ewé 16, 30 ẹ̀dà, pépà píńkì. Ẹ̀yìn orí ara rẹ̀ ló fi sí iwájú, irun dídì tí wọ́n ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó dà bí ojú ọ̀nà oko téèyàn wò láti inú bàálù. Mo fi ṣíbí ọbẹ̀ tẹ wáyà rẹ̀ palẹ̀ fún un. Àkọlé rẹ̀ ni IRUN MI, KÍ LÓ KÀN YÍN? Ọmọ tó ní kí n máa túmọ̀!

Àmọ́ ẹ gbọ́. Ó wá gbogbo ìwé ìròyìn ilé, gbogbo ìwé ìpolówó pízà, kò rí lẹ́tà tó ní àmì ohùn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò lè rí i. Ní ilé wa, ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ lẹ́tà gàdàgbà-gadagba sí, ẹyọ kan ló wà níbẹ̀: ìwé ètò ayẹyẹ ọdún 50 mi, èyí tí mo tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀. Ó gé Ó láti inú OLÓYÈ. Ó gé À, ó gé Í méjèèjì láti inú ÀKÍYÈSÍ. Ohun tó kù lójú ewé yẹn báyìí ni K YÈS.

Bàbá Ìtẹ̀wé Ṣómólù:

Háà! Ẹ fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́, n ó tún òmíràn tẹ̀ fún yín. Olùkọ́ ńkọ́?

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Manchester:

Inú rẹ̀ dùn. Ó béèrè bóyá àmì orí lẹ́tà wọ̀nyẹn jẹ́ ìdọ̀tí fọ́tókọ́pì.